Mikiite Ń Lọ Gé Omi

Bí ẹ bá pàdé Mikiite níta, tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra, tí ẹ bi í pé ibo ló ń lọ, á ní òun kàn ń na ẹsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ìrìn ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́ rìn, á ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Bó bá wá jẹ́ pé àríwá ló fẹ́ wakọ̀ lọ, kó gun òkè, kó sọ̀ kalẹ̀ sórí odò dídì, kó máa lọ títí dé ibi tí igi kì í ti í ga ju orúnkún ènìyàn lọ, á wò yín lójú kòrókòró, á ní omi ti fẹ́ tán nílé, òun fẹ́ lọ gé omi wá, bí a ti ń fi ayùn gé omi dídì lórí adágún wá yọ́ mu nílé. Gbogbo awakọ̀ àtijọ́ tó wà ní abúlé wa lẹ́bàá odò Aldan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́gungun.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ òpùrọ́. Ọ̀nà ló létí. Ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí lójú ọ̀nà, ọ̀nà a máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dárúkọ béárì nínú igbó, Bàbá Àgbà là ń pè é. Odò ńlá, ibi yòówù kó ti máa ṣàn, Ìyá Àgbà ni. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún lè jẹ́ ká kọjá, ẹni tí a bá sì fọ́nnu níwájú rẹ̀ lè ní ká dúró.

Mikiite fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Siemen jọ ń bọ̀ láti àríwá, ọkọ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n dúró jẹun ní ilé oúnjẹ awakọ̀. Siemen nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ìdí tábìlì ara mi ni mo ti máa mu tíì." Obìnrin tó ń bu ọbẹ̀ tutọ́ sẹ́yìn, ó ní kó yára kó ọ̀rọ̀ náà padà. Siemen ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ọjọ́ kejì, yìnyín orí odò là lábẹ́ ọkọ̀ Siemen, Mikiite sì dúró létí ihò náà, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn fi tán ní ọ̀fun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ti ẹnu rẹ̀ pa lórí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Ó ń bẹ̀rù, kò sì tijú pé òun ń bẹ̀rù.

Ìyàwó rẹ̀ ni Daaya. Inú ọkọ̀ akẹ́rù Mikiite ló jókòó sí wá sí abúlé wa nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, láti Orto-Kytyl, abúlé kan tó wà lókè lọ́hùn-ún lẹ́bàá odò Indigiir, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ kò sí rárá àfi ìgbà tí odò bá dì. Ó se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ìyẹ̀fun. "Arúgbó" ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń pe ara wọn láti ìgbà tí wọn kò tíì ní ẹyọ irun funfun kan, àwàdà náà sì ti wá di òótọ́ mọ́ wọn lórí.

Ẹbí kan ṣoṣo ló kù fún un ní Orto-Kytyl, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Maarpa. Maarpa ló gbé e pọ̀n nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ti ń ran awọ. Nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú odò, Maarpa pe fóònù. Ohùn rẹ̀ tinrín.

"Àbúrò mi, ọkàn mi ò lù dáadáa mọ́. Nọ́ọ̀sì ní mi ò gbọdọ̀ gbé igi. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jókòó jẹ ẹja kan pọ̀ kí Ìyá Àgbà tó tún bọ́ aṣọ rẹ̀."

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí odò bá bọ́ aṣọ yìnyín rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọ̀nà ti pa rẹ́ nìyẹn títí odò á tún fi dì, ta ló sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé Maarpa á wà dìgbà náà? Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan a máa lọ síbẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí Daaya má wọ̀ ọ́ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀nà yìnyín ló kù, ọdún yìí ló sì kù.

Daaya gbé fóònù sílẹ̀. Mikiite ń jẹ búrẹ́dì àti bọ́tà lọ́wọ́.

"Arúgbó," Daaya ní, "ṣé a máa lọ, àbí a ò ní lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Mikiite lójijì, ní gbangba, nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ó wo fèrèsé. Ó wo iná. Ó dìde, ó mú fìlà.

"Omi ti fẹ́ tán nílé," ó ní. "Ó yẹ kí n lọ gé omi."

Lójú tirẹ̀, ó ti dáhùn. Ó ti ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa lọ, bí mo tiẹ̀ máa fi ẹ̀yìn wọ́ ọkọ̀ náà. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn bó ṣe ń jáde lọ, pé òun dá ìyàwó òun lóhùn láìjẹ́ kí ọ̀nà gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó gbàgbé ni pé ó ti sọ gbólóhùn yẹn rí. Ní ọdún tí ọkọ Maarpa kú, Daaya bi í ní ìbéèrè kan náà, ó sì fún un ní ìdáhùn kan náà. Nígbà náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti kú, ojú sì ń ti Mikiite láti sọ ọ́, ló bá ní omi ti fẹ́ tán. Daaya gbọ́ ọ bí awakọ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, pé wọ́n á lọ. Ó di àpò rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń retí láràárọ̀ pé ọkọ òun á ní ó yá, títí yìnyín odò fi yọ́ tí wọ́n sì ti sin òkú tipẹ́. Omi kan náà ni Mikiite fi sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbà yẹn, òun náà ló tún fi sọ bẹ́ẹ̀ ni báyìí. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó: báwo ni obìnrin ṣe fẹ́ mọ èwo ni èwo nínú omi méjèèjì?

Daaya kó àwo kúrò. Ó palẹ̀ tábìlì mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ inú ilé wọn kò ju "iná ti ń kú" àti "ti ilẹ̀kùn" lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, Mikiite sì ti pinnu pé ọ̀nà yìí kò ní bá òun lójijì. Ó ní ọkọ̀ kan tí gbogbo wa ń pè ní Búrẹ́dì, nítorí pé ó rí bọ̀ǹbọ̀ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó fi aṣọ irun tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, pàápàá apá ọ̀tún níwájú, níbi tí ẹnì kan máa jókòó sí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù. Ó lẹ gíláàsì kejì mọ́ àwọn fèrèsé kí èémí má baà dì mọ́ wọn. Ó tú ẹ̀rọ amúgbóná lára bọ́ọ̀sì kan tó ti kú sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó dè é mọ́ abẹ́ ìjókòó ọ̀tún yẹn. Ìjókòó náà gan-an, ó tú u, ó ki irun ẹṣin sí i, ó tún un rán, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀yìn Daaya kì í gba gbọ̀ngbọ̀n ọ̀nà.

Bó bá jókòó sídìí iná, tí ẹ rí i tí ojú rẹ̀ dúró sójú kan, ẹ mọ̀ pé ó ń wakọ̀ ni. Oṣù kìn-ín-ní kò ṣeé lọ, torí òtútù ìgbà náà máa ń mú kí irin ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, táyà a sì là. Oṣù kẹrin ti pẹ́ jù, omi á ti máa rú jáde sórí yìnyín, ọkọ̀ á sì rì sínú rẹ̀ dé ìdí ilẹ̀kùn. Oṣù kẹta ló dáa, nígbà tí oòrùn bá ti padà sójú ọ̀run tí odò sì ṣì le. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta epo gidi, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bu omi lù ú. Ó mọ kọ́nà tí a ò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì nídìí rẹ̀, ó mọ ahéré ọdẹ tí igi gbígbẹ máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, tí ẹni tó bá sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gé òmíràn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń kà lọ́kàn, tí Daaya sì rò pé ó ń wo iná lásán.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bahylay, tí ilé wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, wá gbára lé ọgbà lọ́jọ́ kan.

"Mikiite! Kí lò ń ṣe sí Búrẹ́dì yìí láti ọjọ́ yìí? Ṣé o fẹ́ gbé e níyàwó ni?"

"Mo fẹ́ fi lọ gé omi."

Bahylay yíjú sí òkìtì omi dídì tó wà nínú àgbàlá Mikiite. Láti ìgbà tí adágún ti dì ni wọ́n ti gé e tò síbẹ̀ bí gbogbo ilé ti ń ṣe, ó sì ga dé ọrùn ènìyàn.

"Omi wo? Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, abúlé á mu ún, màlúù á mu ún, á tún ṣẹ́kù tí a máa fi wẹ òkú rẹ."

"Adágún yẹn ti dọ̀tí."

"Adágún wo ló wá mọ́? Òkun àríwá?"

"Bahylay, lọ fún màlúù rẹ ní koríko."

Ṣùgbọ́n Bahylay náà ti wakọ̀ rí. Ó wo aṣọ irun, ó wo gíláàsì onípele méjì, ó wo àwọn táyà ẹ́sítírà, ó lọ fún màlúù ní koríko. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wọ́ ṣéènì irin tirẹ̀ tí wọ́n ń wé mọ́ táyà wá, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mikiite.

"Omi ibẹ̀ máa ń yọ̀," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ilé epo náà, bákan náà ni. Mikiite dúró ti awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti òkè, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti di yìnyín.

"Kú ọ̀nà o, ọmọ mi. Ara Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Ara wọn le, bàbá. Àmọ́ wọ́n ń sunkún lábẹ́ òkè pupa."

"Ṣé ẹkún púpọ̀ ni?"

"Omi ẹkún náà kan ìdajì táyà. Apá òsì ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ rọra. Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Ibo? Epo tí màá fi lọ gé omi ni mo wá rà."

Awakọ̀ náà wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó kún ẹ̀yìn Búrẹ́dì títí dé òrùlé. "Omi yẹn mà jìn o, bàbá," ó ní. Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀, wọn kò rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀, gbogbo abúlé mọ̀, àfi ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ ọ́ fún un, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ ti bà á jẹ́. Daaya pàápàá ń rí Mikiite láti ojú fèrèsé, tó ń kan nǹkan, tó ń de nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ti búra lọ́jọ́ tó tú àpò ìjọ́sí pé òun kò ní retí mọ́, ẹni tí kò bá sì retí nǹkan kì í mọ̀ ọ́n nígbà tó bá dé. Ó rò pé ọkọ òun fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni, bí ẹni tó ń fọ màlúù kó tó fà á lọ sọ́jà.

Nígbà tí oṣù kẹta wọlé, Mikiite dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń fọwọ́ yí fìlà.

"Arúgbó, jọ̀ọ́ ṣe pẹlimẹ́nì. Ṣe é kó pọ̀."

"Fún ta ni? Àlejò wo ló ń bọ̀?"

"Kò sí àlejò."

"Ta ló wá fẹ́ jẹ ẹ́? Ìwọ àti omi rẹ?"

"Ebi máa ń pa ẹni tó ń gé omi."

Daaya gbá ìyẹ̀fun mọ́ pátákó. "Ebi! Ebi ẹ̀gbọ́n mi ń pa èmi náà, kò sẹ́ni tó ń gé omi fún ìyẹn."

Mikiite la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Ó wá rí Siemen tó ń nu ẹnu, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnu dé, ó jáde lọ, ó lọ dúró ti Búrẹ́dì, ó gbá táyà ní ìpá. Ó dùn ún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn lójú rẹ̀ kí ìyàwó òun bínú sí òun ju kí odò gbé e lọ. Daaya sì ṣe pẹlimẹ́nì náà, ó ń wé ẹran lílọ̀ sínú ìyẹ̀fun, ó ń bú u lábẹ́nú, ó kó wọn síta kí wọ́n dì, wọ́n kún àpò ńlá.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Mikiite ti mú lọ́kàn ni ọmọ wọn obìnrin, Sayaana, yà wá kí wọn. Ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà. Mikiite wà lábẹ́ Búrẹ́dì, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ló rí tó ń bọ̀. Bàtà gígùn onírun àgbọ̀nrín ni, funfun àti dúdú, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa lẹ́nu. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Maarpa. Daaya ni Maarpa rán an fún. Ọ̀nà àríwá nìkan ni Daaya máa ń wọ̀ ọ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú àpótí ló máa ń wà.

"Sayaana, bàtà ta nìyẹn?"

"Ti màámi ni. Wọ́n ní kí n máa wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò níbi tí àwọn máa wọ̀ ọ́ lọ mọ́."

Mikiite yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Màámi pe Ìyá Maarpa lánàá," Sayaana ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní kí Ìyá Maarpa má retí àwọn mọ́. Ìyá Maarpa ò fèsì. Fóònù kàn já."

Mikiite jókòó sórí yìnyín. Gbogbo ohun tó ti dè, tó ti kàn, tó ti rán, kò sí èyí tó jọ ọ́ lójú mọ́. Ó ti ṣètò ọ̀nà, kò ṣètò ẹni tí wọ́n jọ ń lọ.

"Bọ́ ọ," ó ní.

"Ẹ̀n?"

"Bọ́ bàtà náà."

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí yìnyín nílẹ̀ ni? Kí ni kí n wọ̀ délé?"

"Wọ tèmi. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ máa ń tutù."

Sayaana wo bàbá rẹ̀. Ó wo inú Búrẹ́dì, ó rí ìjókòó ọ̀tún tí wọ́n ki irun ẹṣin sí. Ojú rẹ̀ là.

"Áà! Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ gbé màámi lọ sí..."

"Pa ẹnu dé!"

Sayaana fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ sọ fún wọn nígbà náà."

"Mo ti sọ fún un."

"Nígbà wo?"

"Láti ìgbà tí odò ti ń dì."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní omi ti fẹ́ tán."

Sayaana mí kanlẹ̀. "Bàbá mi, kò sí obìnrin tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa di àpò. Pàápàá ẹni tó ti di àpò lásán rí, ẹ rántí o." Ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú bàtà bàbá rẹ̀ tó tóbi bíi korobá, ó ń wọ́ ọ lọ sílé. Ìgbà náà ni Mikiite rántí àpò ìjọ́sí. Ojú tì í débi tí ara rẹ̀ fi gbóná nínú òtútù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Búrẹ́dì ti ń hó lẹ́nu géètì. Mikiite ti fi ègé bọ́tà kan sínú iná fún ẹ̀mí ilé, bí ó ti yẹ, kò sì sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ó gbé bàtà wá síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Arúgbó, múra. Ká lọ gé omi."

Daaya wo bàtà náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"O bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi?"

"Wọ̀ ọ́."

"Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fún un! Kí n wá wọ bàtà tí ẹ̀gbọ́n mi rán, kí n fi lọ jókòó sórí adágún kí ìwọ máa gbá yìnyín? Mú Bahylay lọ."

"Bahylay kọ́ ni mo fẹ́."

"Èmi náà kọ́ lo fẹ́." Daaya da aṣọ òtútù bora, ó gbá bàtà mọ́ abẹ́ apá, ó ti ilẹ̀kùn. "Mò ń lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Ó jáde ní géètì, ó kọjá lára Búrẹ́dì láìwò ó, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Mikiite sáré tẹ̀ lé e láìdé fìlà. Ọ̀nà náà gùn níwájú wọn, ó funfun, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bahylay ń fún màlúù ní koríko ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dá iṣẹ́ dúró.

"Dúró," Mikiite ní.

"Fi mí sílẹ̀. Mo ti jókòó ti àpò lẹ́ẹ̀kan. Mi ò jókòó mọ́. Bó o bá ní nǹkan tó o fẹ́ sọ, sọ ọ́ bí ọmọ ènìyàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jẹ́ kí n máa lọ."

Mikiite wo ọ̀nà.

"Daaya," ó ní. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti pe orúkọ náà. "Orto-Kytyl ni mo fẹ́ gbé ọ lọ. Mo fẹ́ gbé ọ lọ bá Maarpa. Láti ìgbà tí odò ti ń dì ni mo ti ń ṣe é, gbogbo ohun tó o rí yẹn, ìwọ ni mò ń ṣe é fún. Ìjọ́sí, ẹ́ńjìnnì ló kú, ojú ló ń tì mí. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ọ̀nà ń gbọ́, kó máa gbọ́, èmi ni kó bi, kó má bi ọ́. A máa dé..."

Kò parí rẹ̀. Daaya ti fi ìbọ̀wọ́ dí i lẹ́nu gbàgà. Ojú rẹ̀ ti yọ, ìbẹ̀rù ló kún inú rẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀nà, ó sì kígbe bí ìgbà tó ń pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá jẹun.

"Má dá a lóhùn o! Arúgbó yìí ti ń ṣàrán! Kò mọ ohun tó ń sọ! Ibo la fẹ́ lọ? A ò lọ síbì kankan! Omi la fẹ́ lọ gé! Omi ti tán nílé wa!"

Bahylay wo òkìtì omi dídì tó ga dé ọrùn nínú àgbàlá wọn. Ó ju koríko sílẹ̀.

"Òótọ́ ni o!" ó ké. "Ó ti tán pátápátá! Èmi gan-an ni mò ń bu omi fún wọn! Òǹgbẹ fẹ́ pa wọ́n!"

Daaya kò yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀ kíákíá. Omijé rẹ̀ ti di yìnyín sórí ìpéǹpéjú. Ó wá jókòó sí àtẹ̀gùn Búrẹ́dì, ó wọ bàtà, ó padà sínú ilé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ayùn omi dídì sì wà lọ́wọ́ òsì.

"Kí la fẹ́ fi ayùn ṣe?" Mikiite bi í.

"Ta ló ń lọ gé omi láìmú ayùn?"

Ó gòkè sórí ìjókòó ọ̀tún. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń fẹ́ sí ẹsẹ̀ òun lábẹ́. Abúlé bọ́ sẹ́yìn wọn, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

"Ò bá ti sọ fún mi, Arúgbó," Daaya ní.

"Ẹ̀rù bà mí. O mọ bí ti Siemen ṣe rí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọ̀nà."

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ìwọ kì í ṣe ọ̀nà."

"Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, má sọ̀rọ̀. Kàn gbé bàtà mi sídìí iná."

"Màá gbé e."

Ní ilé epo ìkẹyìn, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń parí kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, Mikiite so irun ẹṣin mọ́ ẹ̀ka igi kan fún ẹ̀mí tó ni ilẹ̀. Daaya jókòó sínú ọkọ̀, ó pe fóònù. Ó dún, ó dún, kí Maarpa tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ni? O ní kí n má retí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má retí o. A kàn jáde ni, èmi àti arúgbó mi."

"Ẹ jáde lọ síbo?"

Daaya wo òkè tó wà níwájú. "A ń lọ gé omi."

Mikiite tó ti gòkè padà sídìí ọkọ̀ ń gbọ́ èémí Maarpa nínú fóònù, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ti ẹni tó gbé ẹrù sọ̀.

"Kò sí omi lọ́dọ̀ yín ni?"

"Ó ti tán, Ẹ̀gbọ́n."

"Hẹn. Ẹ rọra gé e. Mi ò retí ẹnì kankan. Àmọ́ ẹja kan wà níta níbí tó ti dì, mi ò tíì fi ọ̀bẹ kàn án."